Àna Mi Ni Kápítéènì Ìnísà

Kùmásí, Gánà
11 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1961

Baba mi,

Ẹ kú àárọ̀ bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí dé, ẹ kú alẹ́ bí ó bá jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n rántí yín nílé ìfìwéránṣẹ́. Mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo ilé. Ara mi le. Ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀. Àgádágodo ń tà ju tọ́ọ̀ṣì lọ, èyí tó fi hàn pé àwọn ará Kùmásí bẹ̀rù olè ju òkùnkùn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ má tíì bínú. Mo rántí pé lọ́dún tó kọjá ẹ bi mí pé ẹni tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, tí kò sì gbọ́dọ̀ gbá a, iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe? N kò tíì rí èsì sí i. Ṣùgbọ́n mo ti yege ìdánwò rẹfirí onípò kejì. Wọn kì í sanwó iṣẹ́ fún wa o. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún wa, èmi a sì fẹsẹ̀ rìn lọ, kí owó ọkọ̀ náà lè di tèmi.

Ní oṣù Fẹ́búárì, wọn yóò gbá àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ní Ákírà. Kí wọ́n tó lè mú rẹfirí lọ síbẹ̀, alábẹ̀wò gbọ́dọ̀ wò ó nínú eré mẹ́ta, kí àròpọ̀ máàkì rẹ̀ sì pé 195. Nínú eré àkọ́kọ́ mo gba 61. Alábẹ̀wò wa, Ọ̀gbẹ́ni Bóáténg, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń sáré pẹ̀lú ọwọ́ kan nínú àpò. Òótọ́ ni. Owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú àpò náà, n kò sì rí ẹni tí mo lè fi ṣọ́ ọ. Nínú èkejì mo fi owó náà sínú ìbọ̀sẹ̀, mo gba 70. Ó ku eré kan. Bí mo bá gba 64 péré, Ákírà di tèmi.

Mo rí Bùrọ̀dá Jọláyẹmí, ẹ̀gbọ́n Adétóun àfẹ́sọ́nà mi, lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ni gólì tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Ìnísà níhìn-ín, àwọn náà ni kápítéènì. Èmi ni mo ṣe rẹfirí fún wọn. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo ju kọ́bọ̀ sókè, a bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n fa ojú ro díẹ̀. Mo rò pé oòrùn ni.

Ẹ fi eré kẹta mi sínú àdúrà ìdílé. Ó pẹ́ tí mo ti ń rìn.

Ọmọ yín,
Àkànjí


Ìkìrun
30 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1961

Àkànjí,

Lẹ́tà rẹ dé. Ṣùgbọ́n ti Jọláyẹmí ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ dé Ìnísà. Nígbà tí èmi ń ka tìrẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ti ka tirẹ̀ tán, wọ́n sì ti rán ẹni tí yóò pè mí.

Mo wọkọ̀ lọ. Baba Jọláyẹmí kò fún mi ní àga.

“Ẹ kú ìrìn, Baba Gómìnà,” ló fi kí mi.

Mo ní, “Gómìnà wo, àna mi?”

“Ọmọ yín kọ́? Ẹni tó bọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìdúró, tó tún wá ń bi í pé, ‘Orí ni àbí ìràwọ̀?’ Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àna ní Ìkìrun nìyẹn?”

Mo ṣe àlàyé pé orí àti ìràwọ̀ ló wà lára owó Gánà, pé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ó ní òun kò bi mí ní ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí àwíjàre tán lẹ́nu mi, èmi fúnra mi dọ̀bálẹ̀ ní ipò rẹ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Lílọ sílẹ̀ kò le, dídìde ni. Ènìyàn méjì ló fà mí sókè. Adétóun, tó wá láti Òkukù níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ni ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ti sún ìdána síwájú, wọn kò sì dá ọjọ́ mìíràn. Baba rẹ̀ ní òun fẹ́ gbọ́ bí o ó ṣe ṣe nígbà mìíràn tí o bá rí ọmọ òun. Nítorí náà, ibikíbi tí o bá ti pàdé Jọláyẹmí, lọ́jà o, lójú títì o, lórí pápá o, àyà rẹ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀.

Má sọ fún mi pé rẹfirí ni ọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wọn kòkó. Kò sí àgbẹ̀ tí mo yẹ òṣùwọ̀n fún, kò sì sí èyí tí n kò kí kó tó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ìkíni àti ìwọ̀n kò bá ara wọn jà rí lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ ní kí o yé fi owó sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ní òógùn a máa ba owó bébà jẹ́.

Baba rẹ,
O. Àyànlọ́lá


Kùmásí
16 Òkìtóbà, 1961

Baba mi,

Ẹ kú ìrora ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti fà yín sókè, ojú tì mí títí tí mo fi ta àgádágodo kan ní iye tí mo rà á.

Ọ̀rọ̀ tún ti burú sí i. Wọ́n ti mú eré kẹta mi jáde: Ìnísà àti Òkukù, ọjọ́ kọkànlá oṣù Nòfẹ́ńbà. Ọ̀gbẹ́ni Bóáténg yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí lọ, mo ní àna mi ni kápítéènì Ìnísà.

Ó ní, “Ṣé o ti gbé ọmọ náà níyàwó?”

Mo ní rárá.

“A jẹ́ pé kì í ṣe àna rẹ. Ṣé o fẹ́ eré yìí ni, àbí o fẹ́ dúró di ọdún tó ń bọ̀?”

Mo mú eré náà.

Baba, mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀tún, mo ti yí i sí òsì. Bí mo bá lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Bùrọ̀dá Jọláyẹmí láàárọ̀ ọjọ́ náà, òfin ní rẹfirí kò gbọ́dọ̀ wọ ilé kápítéènì kankan lọ́jọ́ eré. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lórí pápá, àwọn ọmọ Òkukù yóò ní mo ti ta eré kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá dọ̀bálẹ̀, n kò ní ìyàwó. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n ṣe bí ẹni pé okùn bàtà mi tú, kí n kúnlẹ̀ dè é, kí n sì gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo dán an wò nínú yàrá mi. Ẹni tí a jọ ń gbé sáré bu omi wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi padà lọ sí Ìnísà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda mi fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá ní kí n máa yí gbirigbiri, n ó yí. Ṣùgbọ́n ẹ tètè fèsì. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ eré, àṣẹ yín tó wà nílẹ̀ ni n ó tẹ̀lé.

Ọmọ yín tó wà láàárín ìlú méjì,
Àkànjí


Ìkìrun
3 Nòfẹ́ńbà, 1961

Àkànjí,

Fi ọkàn balẹ̀. Mo ti bá ọ yanjú rẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ. Nígbà àkọ́kọ́, Baba Jọláyẹmí wà lóko. Nígbà kejì, ó ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òkukù. Nígbà kẹta mo bá a nílé pẹ̀lú àgbà méjì, mo sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ kalẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́, àfi ibi yíyí gbirigbiri, nítorí wọ́n lè gbà á.

Àgbà kan ní, “Bí ọlọ́pàá bá wọ aṣọ ìjọba, ṣé ó ń dọ̀bálẹ̀?”

Èkejì ní, “Bí ó bá gbọ́n, ó ń dọ̀bálẹ̀.”

Wọ́n fà á títí tí oúnjẹ fi tutù. Adétóun, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán ná. Bí a bá délé wa, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ la ó máa sè jẹ.” Wọ́n lé e jáde, wọ́n sì gba ohun tó sọ.

Ìdájọ́ wọn nìyí. Láti ìgbà tí o bá ti gbé ẹsẹ̀ sórí pápá títí di fèrè ìkẹyìn, ìwọ kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni. Nígbà tí eré bá parí, kí o dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún gbèsè ti Sẹ̀tẹ́ńbà, ọ̀kan fún ti ọjọ́ náà. Mo tún un sọ: MÁ DỌ̀BÁLẸ̀ KÍ ERÉ TÓ BẸ̀RẸ̀.

Rẹ̀mí olóbì ń lọ sí Kùmásí lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Kí ni mo fẹ́ máa ra sítáǹbù sísì sí nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni òun yóò lò lọ́nà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí eré tó dé. Mo ti ṣírò rẹ̀.

Baba rẹ,
O. Àyànlọ́lá


Kùmásí
20 Nòfẹ́ńbà, 1961

Baba mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi, n kò kí Rẹ̀mí.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ló gbé lẹ́tà yín dé. Ó ní ọjà obì dára ní Lómè, òun sì dúró tà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kọkànlá ni eré. Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Koríko wà níbi gbogbo lórí pápá yẹn àfi àárín gan-an, níbi tí a ti ń ju kọ́bọ̀. Mo pe àwọn kápítéènì méjèèjì. Mo yọ fèrè lẹ́nu. Mo sọ fún ti Òkukù pé kó dákun fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mo sì lọ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa, gbọọrọ.

Bùrọ̀dá Jọláyẹmí fò sẹ́yìn. “Àkànjí! Kí lò ń ṣe? Dìde jọ̀ọ́, wọ́n ń wò wá!”

Mo ní láti inú ẹrẹ̀, “Ẹ kú ìmúra, bùrọ̀dá.”

Kápítéènì Òkukù fi ọwọ́ sí ìbàdí. “Èmi ńkọ́? Ṣé ẹran lèmi ni?”

Baba, òfin ní kí rẹfirí ṣe dọ́gbadọ́gba sí ìhà méjèèjì. Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan láàárín èrò ké sí mi pé, “Rẹfirí, ó ku bọ́ọ̀lù! Má fojú di bọ́ọ̀lù o!” Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí mo bá fun fèrè, apá kan èrò a pariwo pé, “Dọ̀bálẹ̀!”

Síbẹ̀ mo ṣe eré náà dáadáa. Kò sí ẹni tó gbá góòlù wọlé títí di ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin. Ọmọ Òkukù kan gba bọ́ọ̀lù, ó yẹ gólì sílẹ̀, ó fẹ́ gbá a wọlé, ni Bùrọ̀dá Jọláyẹmí bá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni mú adìẹ ọdún. Mo fun fèrè. Mo nawọ́ sí ibi pẹ́nálítì.

Bùrọ̀dá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Àkànjí, èmi?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú. Ẹ padà sórí ìlà.”

“Ìwọ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lónìí yìí?”

“Èmi náà ni, sà.”

Òkukù gbá a wọlé. Bí eré ṣe parí nìyẹn, oókan sí òdo. Àna mi kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. N kò tíì rí wọn láti ọjọ́ náà, n kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sí Ìnísà.

Máàkì nìyí. Ìdájọ́, 33 nínú 40. Eré sísá, 14 nínú 25. Àṣẹ lórí eré, 15 nínú 25. Aṣọ, òdo nínú 10. Ọ̀gbẹ́ni Bóáténg kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Èmi náà ní àna. N kò yọ máàkì kankan nítorí ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹfirí tí ẹrẹ̀ bò láti àgbọ̀n dé orúnkún, n kò rí aṣọ rẹ̀ kí n tó lè fún un ní máàkì.” Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 62. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 61 àti 70: 193.

Máàkì méjì ni mo fi kùnà, Baba. Tọ́rọ́ méjì ló wà nínú sísì. Mo ti pín in: máàkì kan, tọ́rọ́ kan. N kò lè bá yín wí, nítorí ẹni tó ń rin máìlì mẹ́ta kó má baà ná owó ọkọ̀, ọmọ ta ni?

Àkànjí


Ìkìrun
13 Dìsẹ́ńbà, 1961

Àkànjí ọmọ mi,

Wo sítáǹbù tó wà lára lẹ́tà yìí dáadáa. Èmi ni mo rà á. Wọ́n bi mí nílé ìfìwéránṣẹ́ bóyá ara mi yá.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń ka àpò kòkó, n kò ṣi í kà rí. Àṣé gbogbo òye náà, Rẹ̀mí olóbì lè fi àpò kan dà á nù. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ń pè mí ní “Alábẹ̀wò” bí ó bá fẹ́ gbé oúnjẹ wá fún mi.

Ìnísà tún ránṣẹ́ pè mí. Mo ti wọ aṣọ tí mo lè fi dọ̀bálẹ̀. Lẹ́tà Jọláyẹmí wà lọ́wọ́ baba rẹ̀, ojú ìwé méjì.

Ó ní, “Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi?”

Mo ní, “Nínú ẹrẹ̀.”

“Ó sì tún fún àwọn ará Òkukù ní pẹ́nálítì?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ṣé Jọláyẹmí di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yí ìwé náà sí ẹ̀yìn. “Ó kọ ọ́ síbí, ní ìlà ìkẹyìn, pé òun dì í mú díẹ̀.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Díẹ̀ wo ni ènìyàn ń di ẹsẹ̀ mú?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ mú ọjọ́ ìdána. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọmọ mi, tí kò sì gbè é lẹ́yìn, kò ní rẹ́ ọmọbìnrin mi jẹ lábẹ́ òrùlé.”

Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni a mú. Adétóun ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ ni òun ń rán, òun kì í fọ ẹrẹ̀.

Ti ìyàwó ti yanjú. Ti Ákírà ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Bóáténg nípasẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ ní máàkì. Ìwọ̀n tí a ti kọ sílẹ̀, a kì í yí i. Mo kàn sọ fún un pé ahun ni baba rẹfirí náà, pé òun ló da ẹrẹ̀ sí i láṣọ láti Ìkìrun.

Baba rẹ,
O. Àyànlọ́lá


Ákírà
19 Fẹ́búárì, 1962

Baba mi,

Mo kí yín láti etí òkun.

Wọ́n ka lẹ́tà yín sókè nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Akọ̀wé ní kò sí ohun tó lè sọ 193 di 195. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Bóáténg dìde, ó ní òfin kò sọ iye máàkì tí ẹni tó ń jókòó gbọ́dọ̀ ní. Báyìí ni wọ́n ṣe mú mi wá sí Ákírà gẹ́gẹ́ bí adúródè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ènìyàn wọ aṣọ rẹfirí, kó jókòó sórí àga, kó sì máa gbàdúrà kí ohun burúkú díẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó fún ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹni tó ta omi yìnyín fún mi bi mí bóyá èmi ni mo ni àga náà. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gọ́rin, iṣan fa ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú àsíá lẹ́bàá ìlà. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì na àsíá náà sí mi.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo lò. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sọ pé mo gba góòlù kan tàbí mo fagi lé òmíràn. N kò ṣe é. Bọ́ọ̀lù sá fún ìhà tèmi bí ẹni pé ó gbọ́ ìtàn mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá, ó yí lọ lórí ìlà, ó yí, ó yí. Àwọn aláṣọ pupa ní ó ti jáde. Àwọn aláṣọ ewé ní kò jáde. Èrò ẹ̀yìn mi pariwo pé bí mo bá gbé ọwọ́, àwọn yóò bá mi dé ilé.

Mo gbé àsíá sókè. Rẹfirí wò mí, ó fun fèrè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn, Baba, gbogbo wọn dúró.

Mo ń padà sí Kùmásí lọ́la. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Ọmọ yín,
Àkànjí


Ìkìrun
3 Máàṣì, 1962

Àkànjí,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kà á fún ìyá rẹ, mo kà á ní Ìnísà. Gbogbo wọn ló ń yọ̀, wọ́n sì bi mí bóyá ìwọ ni wọ́n gbé ife náà fún. N kò tíì dá wọn lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, kì í sì í ṣe èsì ọmọ tó fẹ́ dùn mọ́ baba rẹ̀ nínú ni mo fẹ́. Ṣé bọ́ọ̀lù náà jáde?

Baba rẹ,
O. Àyànlọ́lá


WÁYÀ
Láti Kùmásí, 9 Máàṣì, 1962

ÀYÀNLỌ́LÁ ÌKÌRUN

Ó JÁDE

ÀKÀNJÍ